Ìgò Kejì

Òjò oṣù kejì ń lu páànù yàrá ìwádìí wa
lórí òkè tí a ti ń wo Antananarivo nísàlẹ̀.
Àpò ewé talapetraka dé láti ọ̀nà Moramanga,
kílò mẹ́tàdínlógún, ẹrẹ̀ ṣì wà ní gbòǹgbò wọn.
Rasoanindrina ló rù ú wá. Ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà,
ó ní, "Ẹ má jẹ́ kí oòrùn rí i o. Olè ni oòrùn."

Mo sá a sí ibòòji. Ọjọ́ mẹ́fà ni mo fi ń yí i
bí ẹni ń yí aláìsàn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó ti ń dùn ún.
Ó gbẹ. Mo lọ̀ ọ́, mo fi asẹ́ jọ̀ ọ́,
mo wọ̀n ọ́n: àádọ́ta gíráàmù, lọ́nà mẹ́ta,
kò lé, kò dín.

Ti àkọ́kọ́, mo sè é.
Omi hó, ilé ń rùn bíi pápá tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa.
Iná kì í bèèrè: ó tú èyí tó le, ó ba èyí tó rọ̀ jẹ́.
Omi náà dúdú bíi tíì tí a gbàgbé sórí ààrò.

Èkejì, mo rẹ ẹ́ sínú ọtí líle, mo dé e,
mo fi aṣọ dúdú wé ìgò náà,
mo kọ déètì sí i lára, mo fi í sílẹ̀.
"Iṣẹ́ ọ̀lẹ," ni Dókítà Andriamahazo wí, ó rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀kẹta ni àyànfẹ́ rẹ̀,
ẹ̀rọ gíláàsì ọlọ́rùn gígùn tó ti Faransé wá.
Ọtí ń hó nísàlẹ̀, ó ń gòkè bí èémí,
ó kan òtútù lókè, ó di ẹ̀kán, ó ń kán sórí ewé,
ó kún, ó tú, ó padà sísàlẹ̀ lọ bẹ̀rẹ̀,
bí àlejò tó ń dágbére tí kò lọ.
Wákàtí mẹ́jọ ló ń fẹ́. Iná ìjọba kò fún un ní mẹ́ta.
Ẹ̀ẹ̀mẹrin la tún un tàn.
Nínú òkùnkùn, èmi àti àtùpà, a gbọ́ bí gíláàsì ṣe ń tutù,
kẹ́, kẹ́.
Ìgò aláṣọ dúdú kò tilẹ̀ mọ̀ pé iná lọ.

Ọjọ́ tí Rasoanindrina padà wá gba owó,
ó yọ ẹ̀kúnwọ́ ewé tútù lábẹ́ ìborùn rẹ̀:
"Ẹ ò ní gún un ni?"
Ìyá rẹ̀ a máa fi omi ìrẹsì gún un, a fún un sójú egbò.
Ó ká aṣọ, ó fi ojúgun rẹ̀ hàn mí,
àpá ọkọ́ ti ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn,
tẹ́ẹ́rẹ́, bí ìlà pẹ́ńsùlù tí ẹnìkan ti pa rẹ́.
Mo gún un. Láàárín wákàtí kan, ó ju ti sísè lọ.
Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti kan.
Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀: *kò ṣe é tọ́jú.*
Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ní ń tọ́jú egbò di ọ̀la?

Bébà àbájáde jáde ní ọjọ́ Ẹtì.
Ẹ̀rọ gíláàsì ló ṣe ipò kìíní,
ọ̀lẹ wa ń tẹ̀lé e, ìka kan péré ló fi jù ú.
Mo túmọ̀ rẹ̀ fún obìnrin náà.
Ó ń ká àpò òfìfo rẹ̀, ó kà á sí mẹ́rin, sí mẹ́jọ.
"Tí ọkọ́ bá tún ṣá mi," ó ní,
"ta ni yóò gbé gíláàsì yẹn gun òkè wá bá mi?"

N kò fèsì. Mo mú ìgò kejì, pẹ̀lú aṣọ rẹ̀,
mo tì í sáàárín àpò.
"Ẹ kọ́kọ́ fi omi là á, nítorí ọtí a máa ta."
Nígbà tó lọ tán, mo ṣí ìwé àkọsílẹ̀,
níwájú nọ́ńbà rẹ̀ mo kọ:
*ó fọ́.*